Àwọ̀ Méje

Láti òfuurufú, Sábẹ̀ẹ́ dà bí awọ ẹtu tí wọ́n sá sóòrùn:
ó pọ́n níhìn-ín, ó dú lọ́hùn-ún,
àwọn àpáta wa sì wú lára rẹ̀ bí oówo.
Madaamu Kilotíìdì tẹ́ ẹ sórí imú ọkọ̀,
ó fi òkúta mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ nítorí ọyẹ́.
Àwọ̀ méje ló wà lórí ìwé náà.
Ó ní kí n kọ́ wọn sórí kí oòrùn tó mú.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni. Ó mọ orúkọ igi
ní èdè àwọn tí kò jókòó sábẹ́ wọn rí.
Èmi mọ èyí tí èso rẹ̀ ń pa ọmọdé nínú.
Báyìí la ṣe pín iṣẹ́:
òun di ìwé mú, èmi di àdá mú,
Bọ́nífásì awakọ̀ di sùúrù mú.

Àwọ̀ kìíní, igbó etídò.
A wọ inú rẹ̀ létí Ọ̀pàrá,
òtútù bọ́ lé wa léjìká bí aṣọ tí kò tíì gbẹ.
Ẹdun fò kọjá lókè, kò kí ẹnikẹ́ni.
Ọ̀nì kan wà níbẹ̀ tó jọ igi,
igi kan náà wà tó jọ ọ̀nì;
Bọ́nífásì kò dúró wo èwo ni èwo.

Àwọ̀ kẹta, ọ̀dàn onígi: òrí, irúgbá, àyìn.
A na okùn ogún mítà, a ka gbogbo ohun tó ga ju àyà mi lọ.
Ìgbẹ́ àgbọ̀nrín, ó ti gbẹ.
Ìgbẹ́ ẹtu, ó ṣì tutù.
Ìgbẹ́ màlúù Fúlàní, ẹ má bi mí ní iye.
Ó ń kọ gbogbo rẹ̀.
Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìgbẹ́ ń wọ ìwé.

Níbì kan, àwòrán ní igbó dúdú ni.
Igbó kẹ̀! Kajú Ṣàbí Ògúdélé ni,
ó tò bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ ń bínú sí.
Ẹyẹ kan kò fi ìtẹ́ síbẹ̀;
ejò pàápàá ń sáré gba ibẹ̀ kọjá
bí ẹni tó jẹ àna rẹ̀ lówó.
Mo fẹsẹ̀ gbá ewé gbígbẹ: "Ẹ gbọ́. Kò sí nǹkan tó sá."
Ó pa igbó rẹ́, ó kọ oko.
Níbòmíràn, àwòrán ní aṣálẹ̀ ni, ilẹ̀ tó ti kú.
Ọjọ́ kẹta iná ọdẹ ni ojú ọ̀run yà á, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Nígbà tí a débẹ̀, ọ̀mùnú koríko ti dé ọrùn ẹsẹ̀,
ẹsẹ̀ ẹtu sì kún inú rẹ̀ bí àmì ìdánudúró.

Ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn òkè kejì, a bá ọ̀ṣè mọ́kànlá.
Ó ṣí ìwé, ó pa á dé, ó tún un ṣí.
Igi ńlá tó jìnnà síra, koríko díẹ̀.
"Ọ̀dàn ni, àbí kí ni?"
Mo fi imú àdá wú ilẹ̀:
àpáàdì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
ọlọ kan tí ọwọ́ obìnrin ti jẹ nínú.
Òòrẹ̀ ti gbẹ́ ihò sí ibi tí ààrò wà,
oyin ti gba ikùn ọ̀ṣè tó tóbi jù.
Ẹni tó jẹ èso ló tu kóró rẹ̀ dànù, mo ní;
ọ̀ṣè mọ́kànlá, agbo ilé mélòó nìyẹn?
Ìyá ìyá mi kì í pe orúkọ ibẹ̀.
Bó bá débẹ̀, á bọ́ bàtà.

Madaamu wo bàtà tirẹ̀, olókùn gígùn.
Ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ìgbà òjò ni wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ògiri méérì.
Mo fi ìka wá a, òkè kìíní, òkè kejì.
Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní funfun.
Akọ̀wé ní ẹ̀rọ ló ṣì í tẹ̀, wọn á tún un ṣe.
Mi ò fèsì.
Mo kàn rọra yọ ẹsẹ̀ kan
kúrò nínú sálúbàtà mi.