Lé àti Dín

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí.
Ẹ gbọ́ bí èdè wa ṣe ń ka ènìyàn:
àádọ́rin tó dín méjì.
Ọdún márùndínlógójì ni mo fi dúró níwájú pátákó l'Ẹ́lẹ́yẹlé,
mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tó lé, mo kọ́ wọn ní ohun tó dín;
ṣọ́ọ̀kì ti wọ irun mi kí ewú tó wọ̀ ọ́.

Láàárọ̀ yìí, agogo méje ò tíì lù tí mo fi dé Àgódi.
Nọ́ńbà mi, igba ó lé mẹ́rìnlá.
Wọ́n ní ká wá fi hàn wọ́n pé a ò tíì kú.
Alàgbà Akínlabí, tó kọ́ wọn ní jọ́gíráfì,
ọmọ rẹ̀ ló gbé e pọ̀n wá bí ìkókó.

Lálẹ́ àná, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Yemẹtu,
mo gbé ìṣirò kalẹ̀ bí ìṣe mi:
bí Fájìnmí bá lo ọgbọ̀n ọdún nílé iṣẹ́ sìgá,
tí wọ́n ń yọ díẹ̀ lóṣooṣù, tí ọ̀gá ń fi díẹ̀ lé e,
èló ló bá a délé?
Fájìnmí rẹ́rìn-ín.
Ó ní owó náà pọ̀ lọ́jọ́ tó dé, ó fi kan òrùlé ilé Akọ̀bọ̀;
èyí tó kù, ó ń wò ó bí omi kànga lẹ́ẹ̀rùn,
ojoojúmọ́ ni okùn ń gùn sí i.

Bí Múìbátù bá ránṣọ fún ogójì ọdún,
tó ń dá àjọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀,
tí alájọ sá lọ lọ́dún kẹtàlélógún…
Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.
"Ìyá Tíṣà, ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ máṣíìnì ni pẹ́ńṣọ̀n mi.
Ọjọ́ tó bá dákẹ́, mo dákẹ́ nìyẹn.
Ìjọba ń fún ẹ̀yin lóṣooṣù, ẹ tún ń sunkún!"

Òótọ́ ni. N ò lè parọ́ fún un.
Oṣù kì í parí kí fóònù mi má dún,
yóò sì máa dún títí n ó fi kú;
Fájìnmí ò nírú rẹ̀, Múìbátù ò lá a lálàá.
Ṣùgbọ́n iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì
náà ló ṣì jẹ́. Gààrì ò dúró dè é.
Owó tó ń ra àpò ìrẹsì, kóńgò ló ń rà báyìí.
Èyí tí wọ́n ní a ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà, gbọ̀ngbọ̀n,
ọdún kẹjọ rèé, orí ìwé ló wà.
Dúrówadé ọ̀rẹ́ mi dúró dè é títí ó fi lọ.
Ìjọba gbọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ mi:
ó mọ dín, kò mọ lé.
Wọ́n ní ọ̀run ni èrè tíṣà wà.
Báńkì wo ló ní ẹ̀ka níbẹ̀?

Wọ́n pe nọ́ńbà mi.
Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, mo mọ orí yẹn:
Sùbáírù, ìlà kẹta, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé,
tí kò lè yọ méje kúrò nínú mẹ́tàlá láìbọ́ bàtà.
Kò wojú mi. "Màmá, orúkọ yín ò bára mu."
Mo na ọrùn wò ó. Wọ́n ti sọ Ọyáwálé di Oyèwálé,
wọ́n fi mí joyè tí n ò bèèrè.
"Tún un kọ." Ohùn pátákó ni mo fi sọ ọ́.
Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè.
"Háà! Ṣé ẹ̀yin nìyí, mà?"
"Ìyókù mi nìyí."

Ó tún un kọ. Ó wò ọ̀tún, ó wò òsì,
ó wá rẹ ohùn sílẹ̀:
"Mà, wọ́n ti ń yọ tèmi náà lóṣooṣù.
Tó bá dọjọ́ náà, ṣé á tó?"

Mo tọwọ́ bọ àpò bí ẹni ń wá ṣọ́ọ̀kì.
"Pe ẹni tó kàn," ni mo wí.
Akínlabí ló kàn. Ó ti sùn lọ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.
Ẹ rọra jí i o.
Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà láàyè.