Gbólóhùn Àkọ́kọ́

Bẹtẹsda ti ilẹ̀ Wélíìsì ni mo ń gbé,
kì í ṣe èyí tí áńgẹ́lì ti ń rú omi.
Òjò ló ń rú tiwa.
Ó ti ń rọ̀ sórí òrùlé síléètì láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé,
àròkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n sì wà lórí tábìlì ìdáná,
tíì mi ti tutù, báírò pupa mi ń jò.

Ìtàn kan náà ni gbogbo wọ́n kọ lé lórí:
opó kan létí òkun
tó ń tan fìtílà sójú fèrèsé lálaalẹ́
fún ọkọ tí omi ti gbé lọ.
Mo ní kí wọ́n sọ iṣẹ́ tí fìtílà náà ń ṣe.

Lowri kọ ọ́ pé, "Nínú ìpínrọ̀ yìí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa fìtílà."
Sọ ọ́ nígbà náà, ọmọ mi!
Ta ní ń dúró lẹ́nu ọ̀nà
tí yóò máa kéde pé òun fẹ́ wọlé?
Emrys kọ ọ́ pé, "Opó náà tan fìtílà."
Bẹ́ẹ̀ ni, ó tàn án. Gbogbo wa la rí i.
Òkú ni gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò lè bá jiyàn.
Ẹlòmíràn ní, "Fìtílà ṣe pàtàkì gan-an ni."
Bí kí ni? Bí iyọ̀?

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń wí i:
orí ìpínrọ̀ ni kí ẹ ti sọ ohun tí ẹ rò,
kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀.
Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun tí ẹnì kan lè sọ pé irọ́ ni,
kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ inú ìtàn tì í lẹ́yìn
títí yóò fi lè dá dúró.
Bí orí bá ti sọnù, kí ni ọrùn ń gbé?

Bàbá àgbà Gethin, tí kúárì ti gba etí lọ́wọ́ rẹ̀,
wá sí kíláàsì wa lẹ́ẹ̀kan, ó gbé òkúta lé orúnkún.
Ó fọwọ́ pa á, ó wò ó, ó tún wò ó,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú wa kó tó gbé ṣísẹ́lì lé e.
Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan péré.
Òkúta là bí ìwé tí wọ́n ṣí.
Mo ní, "Bí ẹ ó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ nìyẹn."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gethin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìwé tirẹ̀ ló kàn báyìí. Àbàwọ́n jáàmù wà lára rẹ̀.
Ìpínrọ̀ kìíní kò dáa. Èkejì sàn díẹ̀.
Ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ báyìí:
"Opó yìí kò tan fìtílà fún ọkọ rẹ̀;
àwọn aládùúgbò ló ń tàn án fún,
kí wọ́n má baà sọ pé ó ti gbàgbé."

Báírò dúró lọ́wọ́ mi.

Bàtà Idwal wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.
Ó pé ọdún mẹ́ta ní oṣù Kẹta,
mo ṣì ń kùn ún ní gbogbo ọjọ́ Àìkú,
mo ṣì ń kọ ojú rẹ̀ síta,
níbi tí ẹni tó ń gbé mílíìkì kiri yóò ti rí i.

Gethin ò mọ̀. Kò wọ ilé mi rí.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò mọ ibi tí kómà ń gbé
ló jókòó, ó wo òkúta náà,
ó rí ibi tí yóò ti là.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sétí ìwé pé irọ́ ni.
Mo fẹ́ kọ ọ́ pé, ta ló sọ fún ọ?
Mo kọ ọ́ pé, "Fi hàn wá. Ojú ìwé wo?"
Mo kà síwájú. Ó ti fi hàn, ní ìlà mẹ́rin:
aṣọ fèrèsé tí obìnrin náà kì í fà,
fìtílà tó máa ń kú ní kété tí àdúgbò bá ti sùn.
Mo fa igi lórí ìbéèrè mi.

Àròkọ mẹ́sàn-án ló kù.
Mo dìde, mo yí bàtà náà kọjú sógiri,
mo tún yí i padà.
Mo jókòó.
"Nínú ìpínrọ̀ yìí," ni èyí tó kàn wí,
"mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa…"