Ọdún Wo La Ó Gé Irun Rẹ̀?

Yìnyín dì mọ́ irùngbọ̀n mi bí àtè.
Ọjọ́ méjì ni mo fi wa mọ́tò láti Zavkhan dé Ulaanbaatar,
Tsevelmaa lẹ́yìn, ó fi awọ àgùntàn wé ọmọ,
ara ọmọ náà ń jó o láyà bí ẹyin iná.
Ìtọ̀ ni kò rí ọ̀nà jáde.

Nergui lorúkọ rẹ̀. Kò-Lórúkọ ni ìtumọ̀ rẹ̀.
Àwa darandaran a máa sọ ọmọ bẹ́ẹ̀,
kí ohun tó ń wá ọmọ kiri lóru
dé ẹnu ọ̀nà, kó má rí ẹni pè.
Akọ ń jẹ́ ẹ, abo ń jẹ́ ẹ.
Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.
N kò mọ̀ pé òótọ́ ni mo ń sọ.

Lọ́jọ́ tí a bí i, agbẹ̀bí gbé e súnmọ́ àtùpà,
ó wò, ó tún wò,
ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ."
Kò fi nǹkan kan kún un.

Ìyá mi ló fi kún un.
Ọdún kẹta tàbí ìkarùn-ún la ń gé irun ọmọkùnrin,
ọdún kejì tàbí ìkẹrin la ń gé ti ọmọbìnrin,
a ó so aṣọ búlúù mọ́ àlùmọ́gàjí,
ẹbí á máa gé e ní ìdì kọ̀ọ̀kan.
Ọdún kejì dé, ó kọjá. Ìkẹta ti ń kanlẹ̀kùn.
Màmá mú àlùmọ́gàjí, ó dá a padà sínú àpótí.
"Ọdún wo, Dashnyam? Kí ni kí n wí fáráyé?"
Gàárì ni mo ń gbẹ́ lọ́wọ́. N kò dáhùn.
Gàárì kì í bi ẹni tó gùn ún léèrè.

Dókítà Khandsuren ya àwòrán sẹ́yìn ìwé owó.
"Kíndìnrín rèé. Àpò ìtọ̀ rèé.
Ibí ni ọ̀nà ti fún bí ojú abẹ́rẹ́,
ìtọ̀ wá ń padà sórí kíndìnrín.
Èyí kò gbọdọ̀ di ọ̀la. A ó là á."

Màmá béèrè ìyókù:
ṣé ọ̀bẹ kan náà kò lè parí ọ̀rọ̀,
kó gé e, kó rán an, kó jọ ti ẹnì kan?

"Mo lè gé e, Màmá. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.
Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dun ọmọ. Ẹ̀yin ló ń dùn.
Ohun tí mo bá gé kúrò, n kò lè lẹ̀ ẹ́ padà
lọ́jọ́ tó bá dàgbà, tó wá bi mí pé, ta ló rán ọ?"

Kí n má purọ́, ti Màmá ni mo fẹ́ gbè.
Mo rí àwọn ọkùnrin abúlé nídìí wàrà ẹṣin,
mo gbọ́ ẹ̀rín wọn.
Tsevelmaa kò wojú mi. Ó ń fi ìka ya irun ọmọ.
"Ẹ la ọ̀nà ìtọ̀," ó ní.
"Èyí tó kù, onírun ni yóò sọ."

Wákàtí mẹ́ta.
Wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú rọ́bà tín-ín-rín, àpò rẹ̀ ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Mo jókòó, mo ń wo ìtọ̀ tó ń kán:
ó pupa, ó dà bíi tíì, ó wá mọ́.
N kò tíì fojú bẹ́ẹ̀ wo odò kankan rí.
Ó jí. Ó béèrè wàrà gbígbẹ. Ó ju ààbọ̀ rẹ̀ lu nọ́ọ̀sì.
Ó. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, lédè tiwa náà, ó tó gbogbo èèyàn,
a kì í là á sí méjì.

Nígbà tí àwọn ewúrẹ́ ń bímọ lọ́dún tó kọjá,
ó jí àlùmọ́gàjí tí a fi ń rẹ́ irun àgùntàn,
ó gé iwájú orí ara rẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ.
Ó ku oṣù kan kó pé ọdún márùn-ún.
Màmá ka oṣù lórí ìka, ó tún un kà,
ó rẹ́rìn-ín,
ó ní kí n lọ bu wàrà wá.