Akọ Ìbẹ́pẹ

Mi ò gbìn ín o.
Àwẹ̀ró ló jẹ ìbẹ́pẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná,
ó fi ọwọ́ gbá hóró rẹ̀ sí ìdí ògiri,
ó ní, "Èyí tó bá fẹ́ hù, kó hù."
Ọ̀kan hù.
Kò dúró rí i.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Másífà kò tó nǹkan,
yangí ni látòkè délẹ̀, yangí tí í ká ọkọ́ lẹ́nu.
Ilẹ̀ le, ọwọ́ obìnrin náà rọ̀.
Eérú ààrò, ìgbẹ́ adìẹ, èèpo iṣu,
omi tí a fi ṣan ìrẹsì,
ọdún méje gbáko ló fi ń bẹ ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó gbà.
Ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀bá kànga,
ṣọkọ síbi tí òjìji ògiri ń bà sí lọ́sàn-án,
ata rodo sínú agolo ọ̀dà tó ti dípẹtà,
ewúro ní igun, ó ní
ewúro kì í bá ẹni tó gbàgbé rẹ̀ bínú.

Èmi ńkọ́? Lẹ́tà ni mo mọ̀.
Ọdún márùndínlógójì nílé ìfìwéránṣẹ́,
òǹtẹ̀ ni mo ń lù, gbà, gbà, gbà.
Ta ló sọ fún mi pé ojoojúmọ́ la á ká ilá,
pé bí ọ̀kan bá gbó sórí igi,
igi á rò pé iṣẹ́ òun ti parí?
Òbúkọ kan já wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀,
ó jẹ ṣọkọ tán,
ó tọ́ ata wò, ó sín, ó sá lọ.
Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lẹ́yìn ìsìnkú.

Ìbẹ́pẹ ga, ó ga kọjá ògiri.
Ó tanná bí ẹni ń ṣe fáàrí,
òdòdó funfun, okùn gígùn, ó ń fì nínú afẹ́fẹ́.
Òjò lọ, ọyẹ́ dé, ètè wa bó,
ó tanná, kò so.
Láwúyì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, yí i po:
"Bàbá, akọ ni. Ẹ jẹ́ kí n bẹ́ ẹ,
kí ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀."
Ẹnìkan ní kí n kan ìṣó mọ́ ọn nídìí,
ẹlòmíràn ní kí n gé e lórí, á yí padà di abo.
Mo gbé àdá, mo pọ́n ọn lára òkúta títí ó fi kọ mànà.

Àṣálẹ́ ni. Mo na ọwọ́ sókè.
Àfòpiná ń bọ̀ sórí òdòdó náà, ọ̀kan, ọ̀kan,
wọ́n á mu, wọ́n á fò kọjá ògiri.
Mo fi àdá ṣán koríko ìdí tẹ̀tẹ̀,
mo wọlé.

Ògiri ló wà láàárín èmi àti Ìyá Múnírátù,
ògiri, àti ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí kan láti ọdún mẹ́rin.
Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kan ìlẹ̀kùn.
Ìbẹ́pẹ mẹ́ta wà nínú abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀,
wọ́n pọ́n bí ẹyin iná.
"Igi méjì ni mo ní," ó ní. "Tẹ́lẹ̀, wọn kì í so,
òdòdó á kàn rẹ̀ dànù ni.
Látìgbà tí tiyín ti yọ orí sí wa,
mo ká a, mo ká a, ọwọ́ ń ro mí."
Ó wo ilẹ̀.
"Mo gbọ́ ìró àdá lánàá. Ẹ jọ̀ọ́."

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní kó jókòó.
Ó ní òun da omi sórí iná.

Mo gé ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná,
mo jẹ ẹ́ ní ìdúró, omi rẹ̀ ń kán sí mi ní ìgbọ̀nwọ́.
Mo fi ọwọ́ gbá hóró rẹ̀ sí ìdí ògiri.
Òjò ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ìkòyí.
Mo yára lọ ká ilá.