Èèpo Kọ́ Nigi

Ogójì ọdún ni mo fi la pákó ní Òjòwò,
ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí tírélà ti ń já ìtì igi.
Gbé igi kalẹ̀ níwájú mi,
màá fi ẹ̀yìn àdá kàn án lẹ́ẹ̀mejì,
màá tẹ́tí.
Màá ní: "Eléyìí ti jẹrà nínú."
Màá ní: "Apá rèé. Ẹ má wo èèpo rẹ̀ tó rí gbágungbàgun,
inú rẹ̀ pọ́n bí epo àkọ́fún."
Ẹ̀rọ á bọ́ sí i, bí mo ti wí gẹ́lẹ́ la ó bá a.
Wọ́n sọ mí ní Ojú-Inú-Igi.
Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Ìsinmi tí Fọlárìn ọmọ Ọ̀ṣíbọ̀dú
ti ẹ̀wọ̀n dé, tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Àgbò,
èmi bàbá ìjọ ni mo gbé igbá ọrẹ.
Ó nawọ́. Ogún náírà tó ti rún wà láàárín ìka rẹ̀.
Mo gbé igbá kọjá lórí rẹ̀
bí ẹni ń gbé ẹran kọjá lójú ajá.
Kò sọ nǹkan kan. Ó ká owó náà sí mẹ́rin,
ó fi há inú ìwé orin.
Èmi ò kàn án. Mi ò tẹ́tí.

Katikísì wa, ọmọdé tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún,
ló tún lọ fún un ní kọ́kọ́rọ́ iyàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.
Inú bí mi. Mo ka àga. Mo ka fìtílà.
Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ mo yọ́ dé ojú fèrèsé
kí n lè ká olè mọ́bẹ̀.

Ohun tí mo ká mọ́bẹ̀ ni pákó kan tí wọ́n kun dúdú
(arère tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, èmi fúnra mi ni mo dà á nù),
ṣọ́ọ̀kì, àti ìyá àgbà méje lórí bẹ́ǹṣì
tí wọ́n ń ka á-bí-dí.
Èyí tó jókòó sígun ni Abọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n mi.
Ó fìka tẹ ìlà kan, òógùn bò ó nímú:
"O... lú... wa."
Ó tún un kà. "Olúwa."
Ó wá bú sẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún mẹ́fà.

Àádọ́ta ọdún ni mo fi jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi nínú ìsìn!
A máa ṣí ìwé orin, a máa wò ó tìfẹ́tìfẹ́,
mo rò pé ó ń kà á ni.
Àṣé orí ló kó gbogbo rẹ̀ sí,
ìtìjú ló fi ṣe ọmọrí.
Ọ̀sẹ̀ kejì tí Fọlárìn dé ló ti rí i láti ẹnu ọ̀nà
pé màmá yẹn dorí ìwé kodò.
"Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti kọ́ mi, bàbá," ló wí fún mi.
"Ẹlẹ́wọ̀n àgbà kan ni. Ó ní mi ò gọ̀,
ó ní ẹnìkan ni kò tíì jókòó tì mí."

Lálẹ́ ọjọ́ náà ìkókoré tutù níwájú mi.
Ọmọ Gbénàgbénà ni mo ń rò,
ará ìlú tí wọ́n ní ohun rere kankan ò lè tibẹ̀ jáde.
Èrò wo òkè igi, wọ́n rí agbowó-òde, olè.
Òun wo òkè igi kan náà,
Ó rí ẹni tí yóò gba Òun lálejò.
Ó mọ igi jù mí lọ.
Ó sì mọ ohun tí a máa fi igi ṣe sí Òun.

Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo gbé igbá dé ìlà ẹ̀yìn.
Mo dúró. Ó pẹ́ kí ó tó gbójú sókè.
Ó ṣí ìwé orin, ó yọ owó ọjọ́sí,
ó ṣì wà ní ká-sí-mẹ́rin.
Ó fi sínú igbá. Kò dún.

Olúwa, kàn mí lẹ́ẹ̀mejì, kí O tẹ́tí.
Ibi tó ti jẹrà, O kúkú mọ̀ ọ́n.
Má tíì sọ mí síná.