Èyí Tí A Jí Ló Ń Jí

Oṣù kẹjọ, òtútù ṣì ń jẹ ògiri
ní Valparaíso, lórí òkè tí ilé ti fara mọ́ra bí ẹyẹ nínú òjò.
Mo gbé omi kaná, mo bọ ọ̀bẹ ìyá mi sínú rẹ̀ títí ó fi hó.
Olè ni mo fẹ́ lọ jà lálẹ́ yìí,
ṣùgbọ́n ọ̀bẹ onídọ̀tí ló ń kó àrùn ran igi.

Edelmira, ìyá mi, kò fowó ra òdòdó rí.
Agolo mílíìkì ni wọ́n ń gbé nílé wa,
garawa ọ̀dà tí etí rẹ̀ ti kán,
ìkòkò tíì kan tí kò ní ẹnu mọ́.
Bó bá ń ti ìsìn bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún á mú ìwé àdúrà,
tòsì á gba àárín irin ọgbà onílé wọlé,
káú! ó ti bọ́ sápò.
"Èyí tí wọ́n fún ọ, rírọ ni yóò rọ, Lautaro.
Èyí tí a jí ló ń jí."

Òun ló kọ́ mi ní gígé:
nísàlẹ̀ oríkèé gan-an, kì í ṣe lókè rẹ̀.
Já ewé ìsàlẹ̀ dànù, fi méjì sílẹ̀ lórí,
jẹ́ kó sùn mọ́jú lórí tábìlì, kí ojú ọgbẹ́ gbẹ
kí o tó rì í sínú iyẹ̀pẹ̀.
Má fà á yọ wò. Mo ní má fà á yọ wò!
Ta ní ń jí ọmọ tó ń sùn
kó lè mọ̀ bóyá ó ń sùn?

Ó kú ní oṣù kẹfà, ní ọ̀sẹ̀ tí kùrukùru òkun kò ká.
Mo mú ọ̀bẹ. Mo ní mo fẹ́ tún wọn ṣe.
Mo gé, mo gé, mo gé kọjá ojú,
mo gé e dé ibi tí igi ti le bí egungun,
bí ẹni ń fá irun ọmọ tó ṣẹ̀ ẹ́.
Òjò dé. Kadenáàlì pupa,
ààyò rẹ̀, tó ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́ bí a bá fọwọ́ ra ewé rẹ̀,
ra láti ìdí, ó dúdú dé orí.

Igba àtẹ̀gùn ó lé mẹ́tàdínlógún ni mo sọ̀ lóru.
Ajá kan gbó, ó dá mi mọ̀, ó dákẹ́.
Lójú fèrèsé Quilodrán aránbàtà
pupa kan ń rọ̀ jáde láàárín irin.
Mo fọwọ́ ra ewé kan.
Ọsàn wẹ́wẹ́.
Mo yọ ọ̀bẹ. Iná tàn.

Ó dúró nínú aṣọ ìsùn, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín.
"Ìyá rẹ jí ti Rosalba gé lọ́dún tí ilẹ̀ mì.
Rosalba kú, òdòdó rẹ̀ tẹ̀ lé e.
Ni mo bá gòkè lọ jí i padà.
Ìyá rẹ rí mi kedere.
Ó kọ̀yìn sí mi, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́."
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lẹ́ka kan."
"Kí n fún ọ kẹ̀? Kó lè rọ?"
Ó kọ̀yìn sí mi,
ó ń wá awò ojú rẹ̀ káàkiri yàrá.
Ojú rẹ̀ ni awò náà wà.

Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé nínú agolo mílíìkì.
Ewé kan ti pọ́n, ó ti já bọ́. Ìkejì dúró gbagidi.
Màmá, mo fà á yọ wò.
Ìdí rẹ̀ wú díẹ̀, ó funfun,
bí èrìgì ọmọ tó fẹ́ hu eyín.
Mo dá a padà kíá, mo fìka tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn,
mo kọ̀yìn sí i,
mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́.