Àga Tó Lóṣòó

Ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin Àǹtí Fadérẹ̀ra
ni wọ́n ní kí n palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́.
Inú agolo bisikíìtì tó ti dípẹtà ni mo ti bá wọn,
lábẹ́ rìsíìtì owó-orí, lábẹ́ bọ́tìnnì tí kò lẹ́wù mọ́:
fọ́tò mọ́kànlá, funfun òun dúdú,
etí wọn rí ṣágiṣàgi bí eyín ayùn.

Kò sí ènìyàn nínú wọn.
Mo tún wọn yẹ̀ wò: kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìkómọjáde,
kò sí ẹni tó gbọ́wọ́ lé itan bí ẹni ń retí ìdájọ́.
Yàrá ni. Yàrá kan náà,
láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn ń wọ̀.

Lẹ́yìn àkọ́kọ́, ẹnìkan fi gègé kọ ọ́ pé:
Òkèsà, Iléṣà, 1961. Ilésanmí ló yà á. Ilésanmí ló kàn án.
Ilésanmí. Ẹ gbọ́ orúkọ ọkùnrin tó ń ṣe inú ilé.

Ṣé ẹ rí àga? Ẹ wò ó.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ lékèélékèé,
ó yà díẹ̀ síta, bí ẹni tó fẹ́ fò ṣùgbọ́n tí kò kánjú.
Ìrókò ni. Kò ga ju orúnkún lọ.
Tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró láàárín,
ojú rẹ̀ tẹ̀ bí kóró kajú.
Pẹpẹ ìwé so mọ́ ògiri, kò lẹ́sẹ̀, kò bẹ ilẹ̀.
Fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ
sì ń rẹ́ oòrùn sórí téráásò
bí ẹni ń rẹ́ ilá.

Bàbá Ilésanmí, mo wádìí rẹ̀, òṣómàáló ni.
Ó ru aṣọ dé Ọ̀fà, dé Ìlọrin, ó tà á láwìn;
nígbà tí àdéhùn pé, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò jókòó, kò dìde, àfi bí owó bá jáde.
Owó ìlóṣòó yẹn ló rán ọmọ lọ sókè òkun
kó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin.
Ọmọ dé pẹ̀lú àpótí ayùn àti ìwé àwòrán ìjókòó.
Wọ́n ní bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì.
Wọ́n tún ní lọ́jọ́ tó wá wo yàrá náà,
ó wo àga kúkurú yẹn títí, ó jókòó,
ó ní, “Háà. Bí mo ṣe máa ń lóṣòó nìyí,
ṣùgbọ́n eékún ò dùn mí.”

Nínú fọ́tò kẹsàn-án, ọwọ́ obìnrin kan yọ láti ẹ̀gbẹ́,
ó di ife tíì mú. Kò sí òrùka níka rẹ̀.
Àpá iná wà lẹ́yìn àtàǹpàkò.
Mo mọ àpá yẹn. Ọwọ́ yẹn ti gbé mi pọ̀n,
ó ti gbá mi létí.
Ta ló sọ fún wa pé Àǹtí gbé Òkèsà rí?
Mo bi ìyá mi. Ó ní kí n lọ jẹun.

Mo lọ síbẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ṣì dúró.
Lókè, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù,
àwọn ọmọkùnrin jókòó sórí àga rọ́bà,
tẹlifíṣọ̀n mẹ́fà ń pariwo lé wọn lórí.
Mo fẹsẹ̀ ti àwọn ìwé tẹ́tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan:
téráásò náà nìyí, ìlà idẹ inú rẹ̀ ṣì ń dán.
Ọ̀kan nínú wọn ní, “Màámá, kí lẹ sọ nù?”

Lálẹ́, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé,
mo sọ ìkòkò omi kalẹ̀ kúrò lórí ohun tó ti ń gbé e
láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú,
ohun tí adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.
Mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ lékèélékèé.
Mẹ́ta jẹ́ ìrókò; ẹ̀kẹrin, pákó lásán,
ìṣó rẹ̀ wọ́, ẹni tí kì í ṣe káfíńtà ló kàn án.

Adìẹ ń wò mí.
Mo jókòó.
Ó gbà mí.